Rúùtù Kò Ra Aṣọ Tuntun

Ibi kíkà wa wà nínú Ìwé Rúùtù, orí 3, ẹsẹ 3. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín, kí ẹ kà á fúnra yín kí ẹ tó máa bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, nítorí pé ẹsẹ náà kúrú, ọ̀pọ̀ nínú wa sì máa ń fò ó láti sáré lọ bá Bóásì.

Opó ni Rúùtù, àjèjì ni. Kò ní ilẹ̀, kò ní owó. Ọkà tí àwọn olùkórè bá fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni ó ń pèéṣẹ́ kí òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ lè rí jẹ. Nígbà tí ó wá tó àkókò kí ó lọ síwájú ẹni ńlá, ohun mẹ́ta ni Náómì ní kí ó kọ́kọ́ ṣe: kí ó wẹ̀, kí ó fi òróró para, kí ó sì wọ aṣọ rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí i pé Náómì kò ní kí ó lọ yá aṣọ lọ́wọ́ aládùúgbò. Kò ní kí ó lọ ra èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Aṣọ tí ó wà nílé náà ni. Bí a bá sì kà á dé ẹsẹ 15, a ó rí i pé inú aṣọ tí Rúùtù fi bora ni Bóásì wọn òṣùwọ̀n ọkà báálì mẹ́fà sí fún un láti gbé lọ sílé. Aṣọ tí ó lè gba òṣùwọ̀n mẹ́fà kì í ṣe àkísà. Ẹni tí ó ni ín ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Kí ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí? Ní ìkórè tí ó kọjá, àwa tí a ń kọ ìwé yìí wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó yan aṣọ ẹbí. Léèsì ni a yàn. Àwọ̀ rẹ̀ dára, owó rẹ̀ kò sì kéré, ṣùgbọ́n a ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún náà ni." Arábìnrin kan wà láàrin wa, ọlọ́mọ mẹ́ta, tí kò tíì pẹ́ dé Calgary, tí ó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Lọ́jọ́ ìkórè, a kò rí i. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a kò rí i. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, a lọ kí i nílé. A rò pé ara ọmọ ni kò yá, a tilẹ̀ gbé tẹmómítà dání.

Ara àwọn ọmọ yá. Ìró àti bùbá aláwọ̀ aró kan wà lórí àga, ó ti lọ̀ ọ́ tán, ó gún régé, síbẹ̀ kò wọ̀ ọ́ jáde. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Aṣọ ẹbí ni ẹ pè é. Èmi tí n kò ní in, ẹbí ta ni mí?"

A kò rí èsì fọ̀. Ohun tí a kò sì lè sọ fún un lọ́jọ́ náà ni pé àwa fúnra wa kò tíì san owó tiwa tán. Kírẹ́díìtì káàdì ni a fi ra léèsì náà, pẹ̀lú gèlè, bàtà àti báàgì tí ó bá a mu, gbogbo rẹ̀ jẹ́ $600. Èlé tiwa jẹ́ 20 nínú 100 lọ́dún. Bí a kò bá dín gbèsè náà kù, yóò bí $120 kí ọdún tó yí po, lórí aṣọ tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ẹ wo Jákọ́bù orí 2, láti ẹsẹ 2 dé 4, kí ẹ wá sọ fún wa bóyá kì í ṣe ìgbìmọ̀ wa ni ó ń bá wí.

Àwọn kan yóò ní àṣà wa ni. Àṣà wa ni aṣọ ẹbí lóòótọ́, a kò sì ní kí a pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n léèsì tí a ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, ìlú Lustenau ní ilẹ̀ Austria wà lára ibi tí ó ti ń wá láti àwọn ọdún 1960, owó epo rọ̀bì àwọn ọdún 1970 ni ó sì sọ ọ́ di dandan lóde ìnáwó. Aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn àti àdìrẹ Abẹ́òkúta ni àwọn ìyá ńlá wa wọ̀, wọ́n sì lẹ́wà.

Ṣé kí a wá máa rìn wúruwùru ni? Rárá o. Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ní ìlú yìí pàápàá, níbi tí wọ́n ti ń wo àwa àti àwọn ọmọ wa láti òkè dé ilẹ̀ kí a tó la ẹnu. Jósẹ́fù fá irun rẹ̀, ó sì pààrọ̀ aṣọ kí ó tó dé iwájú Fáráò (Jẹ́nẹ́sísì 41:14). Mímúra yàtọ̀ sí jíjẹ gbèsè.

Nípa wíwẹ̀, a kò ní sọ púpọ̀. Kìkì pé lọ́fínńdà kì í ṣe ìwẹ̀, àwọn aláìsàn wa kan kì í sì lè mí dáadáa nítorí rẹ̀.

Òróró ńkọ́? Calgary fi ohun tí ó ju mítà 1,000 lọ ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbẹ bí ọyẹ́ tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lọ. Awọ wa ń funfun bí ti ẹni tí ó sùn sínú eérú. Ìpara olówó ńlá kọ́ ni oògùn rẹ̀. Òrí ni. Ẹ fi para kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán lára, nítorí pé ńṣe ni òrí ń dí ọ̀nà mọ́ omi tí ó wà lára kí ó má baà lọ.

Ó wá ku aṣọ. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, aṣọ iṣẹ́ méjì péré ni a ní. A ń fọ ọ̀kan, a ń wọ ọ̀kan. Sístà tí ó ń kọ́ wa kò béèrè iye tí a rà á rí. Bọ́tìnnì ni ó ń wò, etí aṣọ ni ó ń wò, gìgísẹ̀ bàtà ni ó ń wò. Aṣọ kan náà ni gbogbo wa wọ̀, síbẹ̀ láti òkèèrè ni ẹ ó ti mọ ẹni tí ó múra. Títí di òní, ìlànà yẹn náà ni a ń tẹ̀ lé: àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ó bá ara wọn mu, bí àwọ̀ aró, eérú àti funfun, kí síkẹ́ẹ̀tì kan lè bá bùláòsì mẹ́rin lọ. Gèlè tàbí ìborùn ànkárá kan yóò sì sọ ọmọ ẹni tí a jẹ́. Ẹ má gbàgbé pé afẹ́fẹ́ Chinook lè sọ òtútù àárọ̀ di ooru kí ó tó di ọ̀sán. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tí a wọ̀ léra wọn sàn ju ọ̀kan tí ó nípọn lọ.

Níbo ni a ó ti rà á? Ẹ jẹ́ kí a padà sí oko Bóásì. Òfin Mósè ní kí olóko má kórè dé etí oko, kí ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò (Léfítíkù 19:9-10). Etí oko tiwa ni àwọn ṣọ́ọ̀bù aṣọ àlòkù. Salvation Army ní tirẹ̀. Women In Need Society, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Calgary ní 1992, ń fi ohun tí ó ń rí lórí ọjà rẹ̀ ran àwọn obìnrin àti ìdílé aláìní lọ́wọ́. Ojú ń ti àwọn kan láti wọlé, wọ́n ní òkìríkà ni. Òkìríkà ni lóòótọ́! Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú aṣọ àlòkù tí kò bá tà ní Kánádà ni wọ́n ń dì ránṣẹ́ sí Áfíríkà. Ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ kọ̀ níhìn-ín lè jẹ́ èyí tí àbúrò yín yóò ná ní Kátángúà l'Ékòó, tí yóò sì fi ṣe fáàrí.

Bí ẹ bá wọlé, èjìká aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Aránṣọ lè gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó lè fún ìbàdí, ṣùgbọ́n èjìká tí ó tóbi jù ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Dáfídì mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ó fi bọ́ ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù sílẹ̀ (1 Sámúẹ́lì 17:39). Ẹ yẹ abẹ́ apá wò, ẹ fa síìpù, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Nígbà tí ẹ bá délé, kí ó tó kan aṣọ yòókù, ẹ jù ú sínú dráyà gbígbóná fún 30 ìṣẹ́jú, nítorí ìdun. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà yìnyín náà ń jẹ bàtà, ẹ fi omi àti fínígà díẹ̀ nù ún ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Ìgbìmọ̀ ti tún jókòó. Kò sí léèsì ní ìkórè tí ń bọ̀. Àwọ̀ aró ni aṣọ ẹbí wa: àdìrẹ, ànkárá, ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, ohunkóhun aláwọ̀ aró tí ó bá ti wà nílé. Arábìnrin wa ti padà sáàrin wa, a sì wá rí i pé ó mọ ẹ̀rọ ìránṣọ lò ju gbogbo wa lọ. Òun àti Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì yóò wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ní Sátidé kejì oṣù, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà. Kí olúkúlùkù mú aṣọ tí ó tóbi jù tàbí tí ó gùn jù wá. Ẹ bá wa mú bọ́tìnnì dání pẹ̀lú, tiwa ti tán.