Ẹ̀bùn Tó Lẹ́wà àti Ẹ̀bùn Tó Jẹ́ Òótọ́: Èwo Ló Sàn Jù?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì gbà á gbọ́ láì bi ara mi léèrè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá, ọ̀bẹ òkúta kan tí mo fẹ́ fi ta bàbá bàbá mi lọ́rẹ mú kí n bi ara mi ní ìbéèrè tó le ju òwe náà lọ. Bí ènìyàn bá jìyà tán, tí ohun tó ṣe kò sì dára, ṣé kí ó gbé e bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn ni, àbí kí ó wá èyí tó dára níbòmíràn, kí ó sì pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀?

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi àgbà, ní abúlé wa tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ó ní àṣà kan. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ yòówù tó bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, Bàbá á rọ ọ̀bẹ kan fún un. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba tiwọn. Nígbà tó fi máa kàn mí, ojú Bàbá ti di bàìbàì, kò lè rí irin tó pọ́n nínú iná dáadáa mọ́. Ó pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, má bínú, tìrẹ nìkan ni n kò lè ṣe." Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún jù mí lọ. Nígbà tó wá ku díẹ̀ kí ó pé ọgọ́rin ọdún, tí àwọn òbí wa ń ra aṣọ àti bàtà, mo pinnu pé èmi ni màá ṣe ọ̀bẹ fún un.

N kò mọ irin rọ. Òkúta ló sọ sí mi lọ́kàn, nítorí ohun tí olùkọ́ ìtàn wa kọ́ wa nípa Ihò Eléérú, ní Ìsarùn, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n rí egungun ènìyàn tó ti wà níbẹ̀ ju 10,000 ọdún lọ, wọ́n sì rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta kéékèèké tí àwọn ará àtijọ́ fọ́ kí ó lè mú, tí wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́. Kí irin tó dé, òkúta ni ọ̀bẹ. Mo rò ó pé ohun tí àwọn ènìyàn ìgbà náà ṣe láìsí ilé-ẹ̀kọ́, èmi tí mo wà ní SS2 kò lè ṣàì mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbéraga gbáà ni.

Mo ṣa òkúta funfun tó ń dán, tí wọ́n ń pè ní quartz, létí odò. Olùkọ́ wa kìlọ̀ fún mi pé èérún òkúta lè fọ́ni lójú, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà mo yá awò ìbòjú, mo sì jókòó sí ìta gbangba. Òkúta kìíní, mo gbá a láàárín bí ẹni ń pa ẹ̀kùrọ́, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Èkejì ti sán nínú kí n tó gbé e, n kò mọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo kọ́ pé kí n kọ́kọ́ kan òkúta, kí n tẹ́tí sí i, nítorí èyí tó sán kì í dún ketekete bí èyí tó gbó. Pẹ̀lú ẹ̀kẹta, mo ti mọ̀ pé etí òkúta ni a ń gbá, kì í ṣe àárín, kí ó lè máa bó ní pẹlẹbẹ láti abẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Ó ti gùn, ó ti fẹ́lẹ́, ó ti mú. Mo ní kí n gbá ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó lè wọ inú èèkù, ó sì kán sí méjì. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kẹrin gé mi lọ́wọ́ kí òun náà tó fọ́. Ní ti ẹ̀karùn-ún, kí n má purọ́, kò fọ́ fúnra rẹ̀. Èmi ni mo fi ìbínú fọ́ ọ.

Ó ku ọjọ́ méjì. Àbúrò bàbá mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ táìsì lílẹ̀, wò mí, àánú mi ṣe é. Ó mú àjákù mábù kan, ó fi ẹ̀rọ tó fi ń gé táìsì gé e, ó pọ́n ọn, ó sì dán an. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀bẹ náà rẹwà, ó ń kọ mànà. Ó ní, "Gbé e fún wọn, kí o sọ pé ìwọ lo ṣe é. Ṣebí kí inú wọn ṣáà ti dùn." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi le fún mi.

Ní òru, ọkàn mi ń sọ pé ẹni tó gba ẹ̀bùn ló ni í, kì í ṣe ẹni tó fún un. Bàbá kò lè jẹ òógùn mi. Bí ìyá mi bá ń wá ọ̀bẹ tí yóò fi rẹ́ ilá, ọjà ni kí n lọ. Ta ló fẹ́ mọ̀ bóyá mo jìyà? Òótọ́ sì ni. Kò sí ìtìjú nínú rírà, kò sì sí ìtìjú nínú kí ẹlòmíràn bá ni ṣe nǹkan. Bí mo bá gbé ọ̀bẹ mábù náà fún Bàbá, tí mo sọ pé, "Ọmọ yín ló bá mi ṣe é," ẹ̀bùn gidi ni. Irọ́ ló máa bà á jẹ́.

Mo wá rántí ohun tí a máa ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ á ní kí á fọwọ́ ara wa ṣe ìgbálẹ̀ tàbí agbọ̀n wá. Ọjà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rà á. Òbí á sanwó, olùkọ́ á mọ̀, á sì fún wa ní máàkì. Ìgbálẹ̀ náà dára, ilẹ̀ á sì mọ́. Ta wá ni a rẹ́ jẹ? A rẹ́ ìyá tó di ìgbálẹ̀ náà jẹ, nítorí a gba ìyìn rẹ̀. A sì rẹ́ ara wa jẹ, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bí a ṣe ń dì í, a ó máa wo ilẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀, mo dá ọ̀bẹ mábù padà fún àbúrò bàbá mi, mo sì dúpẹ́. Mo mú ìlàjì tó gùn jù nínú òkúta kẹta, mo fi oje igi àti okùn dè é mọ́ èèkù igi. Ó wọ́, kò gùn ju ìka mi lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àbúrò bàbá mi gbé tirẹ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, Bàbá sì yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó kàn mí. Mo kúnlẹ̀, mo fi tèmi lé e lọ́wọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu ọ̀bẹ náà wò láti ìdí dé orí, ó dúró níbi tó ti kán, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mélòó ló fọ́?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀márùn-ún, Bàbá."

"Èwo ló dùn ọ́ jù?"

"Ẹ̀kẹta, sà."

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó mi orí. "Bẹ́ẹ̀ náà ni irin ń ṣe." Ó wá sọ fún mi nípa ọ̀bẹ àkọ́kọ́ tí òun rọ nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́, tí ọ̀gá òun jù padà sínú iná lójú gbogbo ènìyàn. Bàbá mi ní òun kò gbọ́ ìtàn náà rí. Lẹ́yìn náà ni Bàbá fi ọ̀bẹ mi gé ọsàn. Ó gé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ya á jágajàga.

Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ mábù ni mo pè ní tèmi, kí ni ǹ bá fi dáhùn ìbéèrè yẹn? Irọ́ mìíràn ni, a ó sì pàdánù ìtàn yẹn.

N kò sọ pé ìyà ló sọ ẹ̀bùn di iyebíye. Bí ẹnìkan bá ti kọ́ mi dáadáa, tí mo ṣe é tán ní ọjọ́ kan láìfọ́, tèmi náà ni ì bá jẹ́. Ẹ̀karùn-ún tí mo fi ìbínú fọ́ kò sì kọ́ mi ní nǹkan kan, àfi pé mo jẹ́ onínúfùfù. Ohun tí mo mọ̀ báyìí ni pé ẹni tó bá sọ pé òun ló ṣe nǹkan gbọ́dọ̀ lè dúró tì í nígbà tí ìbéèrè bá dé. Ẹ̀bùn tó lẹ́wà dára, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ òótọ́ nìkan ni a lè bá ẹni tó gbà á sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbé ìgbálẹ̀ tó wọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má wo bó ṣe dára tó nìkan kí ẹ tó fún un ní máàkì. Ẹ bi í léèrè pé, "Ẹ̀ẹ̀mélòó ló tú mọ́ ọ lọ́wọ́?" Ọmọ tó bá ṣe é yóò ní èsì.