Ta Ni Ó Ni Àjàgà?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí a máa ń gbọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀sìn wa: subjugate. Wọ́n á ní ohun tí Islām ń ṣe fún obìnrin nìyẹn. Arábìnrin tí ó wọ híjáàbù á bínú, arákùnrin á máa pariwo, kò sì ní sí ẹni tí yóò béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí gan-an. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé-kéwú mọ̀ pé láti ìdí ọ̀rọ̀ ni a ti ń wá ìtumọ̀ rẹ̀.

Láti inú Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú un. Sub ni "abẹ́". Jugum ni "àjàgà", igi tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn màlúù méjì kí wọ́n lè jọ túlẹ̀. Ọkọ́ àti àdá ni àwọn baba tiwa fi ṣe oko, nítorí náà àjàgà kò wọ́pọ̀ lójú wa. Àmọ́ àwọn ará Róòmù mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń fi í dójú ti ènìyàn. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun ọ̀tá, wọ́n á ri ọ̀kọ̀ méjì mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀kẹta dábùú lórí wọn, wọ́n á ní kí àwọn tí a ṣẹ́gun tẹrí ba gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìsí ohun ìjà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 321 ṣáájú ìbí Ànábì Īsā, ó kan àwọn ará Róòmù fúnra wọn. Ẹ̀yà Samnite ká ọmọ ogun wọn mọ́ àárín òkè nítòsí Caudium, ní ilẹ̀ Ítálì. Àwọn olórí wọn méjèèjì ni ó kọ́kọ́ gba abẹ́ ọ̀kọ̀ kọjá, aṣọ kan ṣoṣo ni ó wà lọ́rùn wọn. Wọn kò pa wọ́n. Ìtìjú ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbé relé.

Láti ara jugum yìí kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí conjugal, tí ó jẹ mọ́ ìgbéyàwó: àwọn méjì tí wọ́n jọ wà nínú àjàgà kan. Àwọn onímọ̀ èdè tilẹ̀ sọ pé zawj, tí Lárúbáwá ń pe ọkọ tàbí aya, bá a tan, nípasẹ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan. Kí ẹni tí ó ń gbèrò ìgbéyàwó rò ó dáadáa. Ìfọ̀kànbalẹ̀, ìfẹ́ àti àánú ni Ọlọ́hun dárúkọ sí àárín tọkọtaya ní Súratu Rūm, āyà 21. Ọkùnrin tí ó bá yọ ọrùn tirẹ̀ kúrò nínú àjàgà, tí ó wá gun orí rẹ̀ jókòó, kí ni ó kù tí ó ń pè ní ìgbéyàwó?

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó súnmọ́ èyí ni qahara, ibẹ̀ sì ni orúkọ Ọlọ́hun Al-Qahhār ti jáde. Ẹ ṣí Súratul An'ām, āyà 18: Allah ni Olùborí lókè àwọn ẹrúsìn Rẹ̀. Ẹ wá ṣí Súratul A'rāf, āyà 127, níbi tí Firiáonà ti ń halẹ̀ pé òun yóò pa àwọn ọmọkùnrin Banū Isrā'īl, tí ó sì fi kún un pé àwọn ni olùborí lókè wọn. Ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ sí Ọlọ́hun nìkan ni ó fi wọ ara rẹ̀ bí ẹ̀wù. Ní Súratu Duhā, āyà 9, ọ̀rọ̀ yìí kan náà tún jáde, Ànábì tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ òrukàn ni a sì bá wí: kò gbọdọ̀ ṣe qahr fún ọmọ òrukàn. Bí a bá kọ̀ ọ́ fún Ànábì, ta ni a yọ̀ǹda rẹ̀ fún? Ẹran àti ọkọ̀ ni Ọlọ́hun tẹ̀ ba fún wa, síbẹ̀ àdúà tí a ń ṣe bí a bá gun ọkọ̀ ń rán wa létí pé kì í ṣe agbára wa.

Nítorí náà, kí á má fi ariwo dá àwọn olùbáwí wa lóhùn. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n àwọn ilé kan wà láàárín wa tí ọ̀rọ̀ náà bá mu. Ẹ̀yin arábìnrin náà, ẹ wo ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ń sùn sí ilé ìdáná yín.

Ó wà nínú Sahīh Muslim pé Abū Mas'ūd ń na ẹrú rẹ̀ kan ní pàṣán. Ó gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ̀, ìbínú kò jẹ́ kí ó mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, àfi ìgbà tí ó súnmọ́ ọn: Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni. Ó sọ fún un pé agbára tí Allah ní lórí rẹ̀ ju èyí tí òun ní lórí ọmọ yìí lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni ó dá ọmọ náà sílẹ̀ lómìnira nítorí Allah, Ànábì sì sọ pé bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, iná ìbá jó o. Àwa tí a ń kọ́ni ní ilé-kéwú, tí pàṣán kì í jìnnà sí wàláà wa, àwa gan-an ni hádíìsì yìí ń bá wí.