Òdo Tó Dùn Mọ́ni

Ní Ìlú Ọba níbí, òfin sọ pé onílé tó bá ní ayálégbé gbọ́dọ̀ mú ẹnjiníà gáàsì wá lọ́dọọdún kó wá yẹ bọ́ílà wò. Ẹni tó bá wá á ki ọ̀pá kékeré kan bọ ihò èéfín, ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ á sì ka iye CO tó wà níbẹ̀. CO yìí ni gáàsì tí kì í rùn, tí kò ní àwọ̀, tó ń pa èèyàn mọ́ ojú oorun. Èmi ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ náà wá bá tó bá kọṣẹ́. Ìbéèrè kan sì wà tí iṣẹ́ yìí ò jẹ́ kí n gbàgbé: kí ló dé tó jẹ́ pé ìròyìn tí kò dùn nìkan là ń bi léèrè ẹ̀rí?

Ẹ wò ó. Bí fílítà bá dí, tàbí tí omi bá kún ìgò kékeré tó ń gba omi inú èéfín, pọ́ǹpù á máa kérora, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé gáàsì ò wọlé dáadáa. Iṣẹ́ dúró nìyẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn náà ò mọ ẹjọ́ bò. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní ọ́síjìn bíi 20.9%. Bí sẹ́ńsọ̀ yẹn bá kú, nọ́ńbà rẹ̀ á já sí òdo, ọmọdé pàápàá á mọ̀ pé irọ́ ni, torí ẹni tó di ẹ̀rọ mú ṣì ń mí.

Ti sẹ́ńsọ̀ CO yàtọ̀. Bí gáàsì bá kàn án, ó ń mú iná mànàmáná bíńtín jáde, bóòdù á sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Bí CO ò bá sí, kò sí iná, òdo la máa rí. Ó dáa. Tí sẹ́ńsọ̀ bá ti kú ńkọ́? Òdo. Tí wáyà tó so ó mọ́ bóòdù bá já? Òdo. Tí gáàsì ò bá ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Òdo náà ni. Ilé tó mọ́ àti ẹ̀rọ tó kú, èsì kan náà ni wọ́n ń fún wa. Ẹ̀rọ tó bá ń sọ "òdo, òdo" fún oṣù mẹ́fà, ta ló máa gbé e wá fún àtúnṣe? Ṣe ni wọ́n á máa yìn ín. (Ẹ̀yin tí ẹ ní aláàmù CO nílé, bọ́tìnì tí ẹ ń tẹ̀ yẹn, lára ọ̀pọ̀ wọn, bátìrì àti ariwo ló ń dán wò, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀. Ẹ wo ọjọ́ ìpààrọ̀ tí wọ́n kọ sí i lára.)

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Lójú tèmi, òwe yẹn tiẹ̀ ṣàánú wa. Níbi tí mò ń wí yìí, a ò mọ̀ pé èké là ń rà.

Àwa ará òkè òkun sì mọ̀ ọ́n rà. A ó pe ilé, Màmá á ní, "A wà o, kò sí wàhálà." Òdo nìyẹn. Bí wọ́n bá ní owó ti tán, ìbéèrè á pọ̀: kí lẹ fi ṣe, ta ló ná an? Ṣùgbọ́n "kò sí wàhálà" kì í ní ìbéèrè, a ó kàn gbé fóònù sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Mi ò ní ká máa fọ̀rọ̀ wá ìyá ẹni lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá o. Èèyàn kì í ṣe ẹ̀rọ, ìdánwò lè dùn ún. Síbẹ̀, ẹni tó gbọ́ "ara le" tó wá bèèrè pé, "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ńkọ́ Màmá, ó ku mélòó nínú ike?" kò rí ìyá rẹ̀ fín.

Ti ẹ̀rọ rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń fẹ̀sùn kan bóòdù, torí òun ló wọ́n, òun sì ni ojú wọn ò tó. Èmi kì í kọ́kọ́ débẹ̀. Ọ̀nà gáàsì ni mo máa ń tọ̀: ẹnu ọ̀pá, rọ́bà, ìgò omi, fílítà, pọ́ǹpù. Mo á dí ẹnu ọ̀pá. Bí pọ́ǹpù bá ṣì ń fà wọ́ọ́rọ́wọ́, a jẹ́ pé rọ́bà ti là níbì kan, afẹ́fẹ́ ìta ń bomi la èéfín, CO á sì dà bí ẹni pé ó kéré. Lẹ́yìn náà ni mo á ṣí ìgò gáàsì tí wọ́n kọ 100 ppm CO sí lára, kí n fún un fà. 100 ló gbọ́dọ̀ sọ, tàbí kó súnmọ́ ọn. Bí kò bá sọ ọ́ ni mo tó ń mú mítà ti wáyà àti bóòdù.

Ẹnjiníà kan, ọmọ ilé wa, bínú sí mi lórí èyí.

"Àbúrò, bátìrì ni mo ní kí o bá mi pààrọ̀. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ò tíì parí. Láti oṣù mẹ́jọ, kò ka nǹkan burúkú kankan nílé ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tó ń kọ mí lóminú gan-an nìyẹn. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Mo ṣí ìgò. A dúró. Ẹ̀rọ ka 7, kò kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ò sọ̀rọ̀. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n yọ ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.