Afẹ́fẹ́ Inú Páìpù

Ní Sunday kan, a fẹ́ gbéra ní Olódò lọ sí àsàlátù, ọkọ̀ wa oní-dísẹ́ẹ̀lì kọ̀. Bátìrì lágbára, táńkì kún, a ṣíná títí, pàbó ni. Mẹkáníìkì ní afẹ́fẹ́ ló wọ páìpù, dísẹ́ẹ̀lì kò dé inú ẹ́ńjìnnì. Ó tú nọ́ọ̀tì, ó fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù, dísẹ́ẹ̀lì ń hó jáde bí ọṣẹ. Nígbà tí kò hó mọ́, ó dè é padà, ọkọ̀ jí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrun àti sàárà wa lè kún bí táńkì, kí ṣekárími díẹ̀ má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun. Ànábì wa (SAW) pe ríyà ní ẹbọ kékeré. Ká tó kírun, ẹ jẹ́ ká bi ọkàn wa: ta ni à ń ṣe é fún? Kí Ọlọ́hun fọ àníyàn wa mọ́. Àmín.