Fàdákà Ilé Olúwa àti Idẹ Òṣùgbó

Láti oṣù karùn-ún ọdún 1892 tí ìbọn Gómìnà Carter ti Èkó ti dún ní Ìmágbọn, tí ilẹ̀kùn Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ Aláre, tí a ti ń tì mọ́ àwọn oníwàásù lójú tipẹ́, fi ṣí sílẹ̀ gbayawu, ni ife fàdákà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ti rí ọ̀nà wọ ìlú tí ó jẹ́ pé idẹ ni àwọn bàbá ibẹ̀ fi ń dá májẹ̀mú.

Ẹ wo irú ife bẹ́ẹ̀, tí wọ́n rọ ní Birmingham tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù: kìnnìún kékeré tí a lù sí i lára ń jẹ́rìí pé 925 nínú 1,000 ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ojúlówó fàdákà, àjàrà àti ṣírí ọkà a máa yí i ká, àgbélébùú a wà ní ìdí rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà IHS tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Jésù ní èdè Gíríìkì, inú rẹ̀ a sì máa ní omi wúrà, kí wáìnì má baà jẹ fàdákà náà. Ẹ wá wo ẹdan, ère idẹ takọtabo ti ẹgbẹ́ Òṣùgbó, bí àwọn Ìjẹ̀bú ti ń pe Ògbóni, tí a fi ìda oyin mọ, tí a fi amọ̀ bò, tí iná yọ́ ìda rẹ̀ dànù kí idẹ gbígbóná tó gba ipò rẹ̀: ẹ̀wọ̀n so wọ́n pọ̀ lórí, ojú wọn yọ ranran, òsì lékè ọ̀tún, àtàǹpàkò sì sá pamọ́ sínú ìkúùkù.

Àwọn kan nínú wa, tí kìnnìún ara ife kò bí nínú rí, ni wọ́n ń pe ẹdan ní òrìṣà nítorí pé ó ní ojú. Èmi kò bá wọn sọ ọ́. Ilẹ̀ ni Òṣùgbó ń bọ. Ẹdan, ẹlẹ́rìí ni. Ẹni tí ó bá da ilẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ. Ìkìlọ̀ Pọ́ọ̀lù Mímọ́ fún àwọn ará Kọ́ríńtì nípa ẹni tí ó mu ife Olúwa láìyẹ kò sì jìnnà sí èyí. Bí a bá sì ní kí á tú ìdí orírun àwọn ohun èlò méjèèjì, ìtìjú kò ní yọ ẹnì kan sílẹ̀: Pacheco Pereira ará Pọtogí kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 ni wọ́n fi ń ra ẹrú kan ní Ìjẹ̀bú, irú ẹ̀gbà tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ a máa yọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni fàdákà òkè Potosí ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n rí ní 1545, tí ó sì kún Yúróòpù, ipá ni wọ́n fi kó àwọn onílẹ̀ wọ ihò lọ wà á.

Ìpamọ́ ni mo ka sí ìyàtọ̀ àárín wọn. Ojú gbogbo ìjọ ni a ti ń gbé ife sókè, ọmọ tí Bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé lórí láná yóò sì fi ẹnu kàn án. Ìtumọ̀ ẹdan, awo ni, inú ilédì, ilé ìpàdé Òṣùgbó, ni ó ń gbé. Nígbà tí Àlùfáà T. A. J. Ogunbiyi ti Ìjọ Áńgílíkà dá ẹgbẹ́ Ògbóni ti Onígbàgbọ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1914, èyí tí a ń pè ní Reformed Ogboni Fraternity lónìí, Bíbélì wọlé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ṣí. Àwọn tí ó bá a jà nítorí ère ṣìnà, lójú tèmi. Àwọn tí ó ń béèrè ìdí tí onígbàgbọ́ fi ní láti múlẹ̀ nínú yàrá tí ará ìjọ rẹ̀ kò lè wọ̀, n kò tíì rí ẹni tí ó dá wọn lóhùn.