Ẹni Tí A Ṣẹ̀ Là Á Bẹ̀

Robert Thompson Crawshay kì í ṣe ọmọlúàbí. Mo mọ̀ pé òkú ni, mo sì mọ̀ pé wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú ní búburú. Ṣùgbọ́n bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ló fi orúkọ ọmọlúàbí dá a lọ́lá níṣojú mi, létí àwọn ọmọ wa, mi ò sì lè pa ẹnu mọ́.

Ẹgbẹ́ wa, àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní Cardiff, ló kó àwọn ọmọ lọ sí Merthyr Tydfil nígbà ìsinmi. A wo ààfin Cyfarthfa tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, a jẹ ìrẹsì nínú ọgbà rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ gbé wa gòkè lọ sí Vaynor láti wo sàréè Crawshay, ọ̀gá ilé iṣẹ́ irin Cyfarthfa láyé àtijọ́. Òkúta pẹlẹbẹ ńlá kan ni wọ́n gbé lé e lórí. Wọ́n ní ó wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, irin ni wọ́n sì fi ṣe ọgbà yí i ká. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ọjọ́ tó kú wà níbẹ̀, gbólóhùn kan sì wà nísàlẹ̀ wọn: Ọlọ́run, dárí jì mí.

Bàbá wa ṣí fìlà. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ. Olówó ni, ó sì tún mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Ọmọlúàbí lèyí." Gbogbo èrò ṣe àmín. Àwọn ọmọ ń ya fọ́tò.

Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ ọ́: ta ni ọkùnrin yìí ṣẹ̀? Ọlọ́run kọ́ ló ti ilé iṣẹ́ irin rẹ̀ mọ́. Ọlọ́run kọ́ ni ebi pa ní Merthyr lọ́dún 1875. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn wà nísàlẹ̀ òkè, wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní ilé, ẹsẹ̀ lè gbé e débẹ̀. Bàbá tó bí wa kọ́ wa pé ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Níwájú ta ni wọ́n ní kó kúnlẹ̀? Ẹni tí a ṣẹ̀ ni. Ìwà pẹ̀lẹ́, ìtẹríba, òótọ́, iṣẹ́ ṣíṣe, gbogbo wọn dára lára ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ń dán olówó àti alágbára wò ni ìtúúbá. Ǹjẹ́ ó lè wo ojú ẹni tó kéré sí i, kó sì sọ pé, "Mo jẹ̀bi, ẹ má bínú"? Bí kò bá lè ṣe é, kó kó gbogbo ìwà yòókù dànù, mi ò fẹ́ gbọ́.

Wọ́n bí Crawshay ní 1817 sínú ìdílé tí irin ti sọ di olówó. Baba ńlá rẹ̀, Richard Crawshay, ló gba ilé iṣẹ́ Cyfarthfa, tó sì sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ irin tó gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Bàbá rẹ̀, William, ló kọ́ ààfin tí a wò yẹn láàárín 1824 sí 1825, owó tó sì ná lé e lórí jẹ́ 30,000 pọ́n-ùn. Ibi tó kọ́ ọ sí ni kó yé yín: orí òkè tó dojú kọ ìléru. Ẹni tó bá dúró lójú fèrèsé á máa wo ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń fi ọ̀pá ro irin yíyọ́ nínú ooru tó ń bó ènìyàn lára. Kò sí ẹni tó gbé inú ilé yẹn tó lè sọ pé òun kò mọ ibi tí owó òun ti ń wá.

Robert jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí bàbá rẹ̀ gé owó ọ̀yà àwọn òṣìṣẹ́. Gbèsè ti wọ àwọn èèyàn lọ́rùn, ilé ẹjọ́ tó ń gba gbèsè sì ń kó ẹrù wọn nínú ilé. Ìlú bá dìde. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1831, àwọn sójà yìnbọn fún èrò níwájú ilé ọtí Castle Inn, ó kéré tán èèyàn 16 ló kú. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin awakùsà kan, Richard Lewis, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Dic Penderyn, wọ́n ní ó gún sójà kan tó ń jẹ́ Donald Black lẹ́sẹ̀. Black fúnra rẹ̀ kò lè tọ́ka sí i pé òun ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, ìjọba kò gbọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, wọ́n yẹgi fún un ní Cardiff. Ọmọ ọdún 23 ni.

Ohun tí ọmọ olówó yẹn rí nìyẹn nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Ojú rẹ̀ ló ṣe. Ó rí ohun tí gígé owó ọ̀yà láìbá èèyàn jókòó sọ̀rọ̀ ń dá sílẹ̀. Kí ló wá fi ẹ̀kọ́ náà ṣe?

Nígbà tó di ọ̀gá, ó fẹ́ràn kí àwọn òṣìṣẹ́ máa wá bá òun bí ọmọ ṣe ń wá bá bàbá. Ó dá ẹgbẹ́ afunfèrè sílẹ̀ ní 1838, ẹgbẹ́ náà sì lókìkí. Ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ parapọ̀ kí wọ́n rán aṣojú sí i, èyí ni kò gbà. Ní 1874 iye tí wọ́n ń ta irin já wálẹ̀, ó ní kí wọ́n gba owó tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn yóò bá a sọ ọ́. Ó kọ̀. Ó pa iná ìléru, ó ti ilé iṣẹ́ mọ́ wọn. Ọdún 1875 bá a bẹ́ẹ̀, ìléru tutù bí òkúta odò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ju irin lọ wà nílẹ̀, ọ̀gá wà lókè. Títí tó fi kú ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1879, kò dá iná náà padà.

Wọ́n á ní adití ni. Òótọ́ ni, àìsàn kan ló gba etí rẹ̀ ní 1860, mi ò sì jẹ́ fi àìlera bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n adití ń ka ìwé. Wọ́n á tún ní ó ní sùúrù, ó nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ fọ́tò. Mo rí àwọn fọ́tò náà. Ọmọbìnrin rẹ̀, Rose Harriette, ló máa ń wọ aṣọ oríṣiríṣi fún un, á dúró gbagidi, bàbá á sì dúró ti kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn tí kì í fẹ́ kí ènìyàn mira. Ó rí àkókò fún èyí. Àkókò láti jókòó ti aṣojú àwọn tó ń bọ́ ọ ni kò rí.

Kò sì lè sọ pé kò sẹ́ni tó fi ọ̀nà hàn án. Inú ààfin kan náà ni ìyàwó rẹ̀, Rose Mary, ń gbé. Obìnrin yẹn ń bọ́ àwọn aláìní, ó ṣí àwọn ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ fún òṣìṣẹ́, ó ń jà kí obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìdìbò, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìlú láti 1871, nígbà tí obìnrin nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun tí ojú kì í sábà rí. Ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ló lọ. Ilé kan náà, tábìlì kan náà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Robert gan-an nìyí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Oǹdó, ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ní ilé iṣẹ́ ìlagi. Díákónì ni nínú ìjọ. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ rẹ̀ sọnù, ó pe ọmọṣẹ́ kan lólè, ó lé e lọ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ń kó èérún igi kúrò, bẹ́líìtì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sẹ́ni tí ì bá bi í léèrè. Ọ̀sán gangan ló mú àgbà méjì dání, èérún igi ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ó lọ sí oríta tí ìyá ọmọ náà ti ń ta ẹ̀kọ, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìyá, mo pe ọmọ yín lólè. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn." Obìnrin náà ń pariwo, "Ẹ dìde, bàbá, ẹ dìde, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rí yín!" Kò dìde. Ó fẹ́ kí wọ́n rí òun, nítorí gbogbo wọn ló gbọ́ nígbà tó ń pariwo olè. Ó san owó gbogbo oṣù tí ọmọ náà fi jókòó sílé, ó sì gbà á padà síṣẹ́. Ọmọlúàbí nìyẹn. Kò sí òkúta tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lórí sàréè rẹ̀.

Kí n má purọ́ mọ́ òkú. Ọjà irin burú láwọn ọdún wọ̀nyẹn ní gbogbo gúúsù Wales, ilé iṣẹ́ irin mìíràn náà kógbá sílé. Owó Crawshay ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sin ín sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ ló ní kí wọ́n kọ oríkì sórí sàréè àwọn, òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ Dowlais wà ní ìlú kan náà, wọ́n ti ń ṣe sítíìlì níbẹ̀ láti 1865, Crawshay kọ̀ láti kúrò nídìí irin àtijọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló tún ilé iṣẹ́ náà ṣí lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ló sì sọ ọ́ di ti sítíìlì. Ṣé ẹ rí i pé ilẹ̀kùn náà ṣeé ṣí? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ẹni tó gbàgbé èyí tí kò sì bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó nílò, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè kọ sórí òkúta tí yóò tó.

Títí di òní ni wọ́n ń jiyàn nípa ẹ̀ṣẹ̀ tí Crawshay ń tọrọ ìdáríjì fún. Àwọn kan ní ti òṣìṣẹ́ ni, àwọn mìíràn ní ti inú ilé rẹ̀ ni. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Ìtúúbá wo ni kì í dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀, tí kì í dárúkọ ẹni tí a ṣẹ̀? Ní 1874, ọdún tí ọ̀ràn ìléru yẹn bẹ̀rẹ̀, ìròyìn dé láti Amẹ́ríkà pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ieuan Parker jẹ́wọ́ fún àlùfáà lórí ibùsùn ikú rẹ̀ ní Pennsylvania pé òun lòun gún Donald Black, kì í ṣe Dic Penderyn. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, ó ju 40 ọdún lọ, ìwà ojo sì ni. Síbẹ̀, ó dárúkọ ohun tó ṣe, ó dárúkọ ẹni tó jìyà rẹ̀. Ẹni lásán ṣe ju olówó ààfin lọ.

Nítorí náà, bàbá, mo bẹ̀ yín, àti ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Bí a bá tún fẹ́ kó àwọn ọmọ jáde láti fi ọmọlúàbí hàn wọ́n, ẹ má kó wọn lọ sí Vaynor mọ́. Aberavon ni wọ́n sin Dic Penderyn sí, ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Mary, ọkọ̀ wa kò ní pẹ́ débẹ̀ láti Cardiff. Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀.