Ọpọlọ Tó Rọ̀, Ṣé Ọgbọ́n Náà Rọ̀ Ni?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan: bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé ọpọlọ bàbá àgbà ti rọ̀, ṣé ó yẹ ká gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá?

Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí kan ní Berlin, ní Jámánì, mi orí ènìyàn 55 tí ara wọn dá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀rọ MRI, láti ọmọ ọdún 18 dé 88. Ẹ̀rọ ń ya ìgbì náà bó ṣe ń rìn; níbi tó le, á yára, níbi tó rọ̀, á falẹ̀. Wọ́n rí i pé ọpọlọ ń rọ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, nǹkan bí ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Irú òǹkà báyìí ni wọ́n ń kó fún kọ̀ǹpútà. Á gé àwòrán ọpọlọ sí ègé wẹ́wẹ́, á fún ègé kọ̀ọ̀kan ní líle tirẹ̀, wọ́n á wá mú un "dàgbà": á súnkì, omi á gba àyè tó ṣófo. Ó wúlò o, mi ò ní purọ́. Bí ọpọlọ bá ti súnkì, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó so ó mọ́ awọ ìbòrí rẹ̀ á nà tantan. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà fi lè ṣubú fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ̀jẹ̀ máa jò sínú orí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí ẹni tó fura.

Síbẹ̀, ọpọlọ inú kọ̀ǹpútà yẹn, ti ta ni? Ẹnikẹ́ni ò tẹ̀lé ẹnì kan láti ọdún 18 dé 88. Ọ̀dọ́ àti arúgbó ni wọ́n gbé síra wọn. Ẹni ọdún 88 yẹn, ta ló mọ bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ èwe? Ọjọ́ ogbó náà ò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Láti 1992 ni wọ́n ti ń fi àwọn àgbà Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2001, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti ọ̀hún.

Ẹ wò ó, lọ́dọ̀ wa níbí, ìyá tó ń rìn kiri lóru, tó ń sọ kántankàntan, àjẹ́ ni wọ́n máa ń pè é. Bí kọ̀ǹpútà bá lè gbà á lọ́wọ́ olókò, mo fara mọ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹbí tó ti ń wá ilẹ̀ bàbá náà lè gbé àwòrán ọ̀hún dání wá sípàdé, kí wọ́n ní "ẹ ò rí i, ó ti rọ̀!" Líle ẹran ara ni wọ́n wọ̀n, àbí? Wọn ò wọn ìdájọ́, wọn ò wọn ìrántí ẹni tó ni ààlà.

Ẹ̀yin ará Ẹnjiníàrì tẹ́ ẹ fẹ́ràn òǹkà, mo ń retí yín ní ìpàdé tó ń bọ̀: nínú ègé wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn, èwo ni bàbá fi ń sọ pé "mi ò tà"?